Hítà Tó Ń Fẹ́ Òtútù

Inú ti ń bí Mọrádéùn láti ilé. Ọkọ̀ Akínlàjà, ọkọ rẹ̀, ti ń gbóná jù láti ìjẹta, Mọrádéùn sì ti sọ títí pé kó gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n baba Mọrádéùn ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Ṣakí, Akínlàjà kò sì fẹ́ kí àna òun wọ ọkọ̀ eléruku. Omi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tọ́jú fún rédíétọ̀ ló fi fọ ọkọ̀ náà títí tó fi ń dán.

Lójú ọ̀nà, ọyẹ́ mú baba.

"Àna mi, tan hítà fún mi."

Akínlàjà tàn án, òtútù ló ń fẹ́. Ojú tì í. Ó ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó ń fi èkejì gbá hítà.

"Bàbá Ìbùkún, ẹ wo iwájú yín. Abẹ́rẹ́ ìgbóná ẹ́ńjìnnì ti dé ojú pupa," Mọrádéùn sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Jẹ́ kí n tún hítà ṣe fún Bàbá ná."

"Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá."

Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi han gooro, ó sì kú. Akínlàjà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò bá ẹ̀kán omi kan nínú rédíétọ̀.

"Omi gbígbóná ibẹ̀ náà ni hítà fi ń móoru," Mọrádéùn wí. "Àìsàn kan ṣoṣo ni. Ẹ ti fi oògùn rẹ̀ fọ ara ọkọ̀."

Akínlàjà dọ̀bálẹ̀ sínú eruku níwájú àna rẹ̀. Baba kò wò ó. Ó yà fún un, ó na ọwọ́ méjèèjì sórí ẹ́ńjìnnì tó ti jóná, ó ń yá iná.

"Ó kúkú móoru níbí," ni baba wí.