Ẹran Tó Sùn Mọ́jú Nílé Baálẹ̀

Agbára ló ń ṣòfin, ọgbọ́n ló ń sìn ín délé. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró opó ní yà sí àgbàlá Baálẹ̀ Oyèkúnlé lọ́jọ́ òjò, ó sì bímọ méjì síbẹ̀; ni Baálẹ̀ bá so ó mọ́lẹ̀, ó pe ìlú jọ, ó ní: "Láti òní lọ, ẹran tó bá ti sùn mọ́jú nílé ẹni, ti onílé ni. Bó bá jẹ́ tìrẹ, Àwẹ̀ró, jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ gbé kùmọ̀ dání. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní òfin náà dáa, kí Baálẹ̀ jọ̀ọ́ tún un wí kí ará ẹ̀yìn gbọ́. Baálẹ̀ tún un wí lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ ṣeun, Baba. Ṣebí ẹni tí ẹran rẹ̀ bá jẹ oko olóko, àgbàdo inú àká tirẹ̀ ló fi ń dípò?" Baálẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Àwẹ̀ró wá nawọ́ sí igi àràbà inú àgbàlá náà, níbi tí àwọn ọ̀bọ tí Baálẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má lé ti ń yọjú. "Àwọn yẹn ti ń sùn mọ́jú nílé yín láti ọdún mẹ́ta, Baba. Àwọn ló jẹ oko gbogbo wa." Àwọn àgbẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ojú wọn sì lọ sí àká Baálẹ̀. Baálẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn ewúrẹ́. "Máa kó wọn lọ," ló wí. "Ẹran tó bá sùn nílé mi, àlejò ni."