Alákàn Dá Orin fún Àwọn Tó Ń Mu Omi Odò

Àlọ́ o.
Àlọ̀.
Àlọ́ mi dá wọ̀ọ̀, ó já sínú odò, ó bá Alákàn níbẹ̀.

Lọ́dún kan, ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ àwọn ẹranko. Alákàn tó ń ṣọ́ odò rí i pé inú omi ni àrùn náà wà. Ó pè wọ́n jọ, ó ń ṣàlàyé ohun tó mọ̀ fún wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Wọ́n sùn lọ.

Ó tún pè wọ́n, ó lọgun pé gbogbo wọn ló máa kú. Wọ́n sá. Nígbà tí òùngbẹ dé, wọ́n padà wá mu omi náà.

“Etí wọn ló di,” Alákàn ń ráhùn. Àfi bó ṣe gbọ́ Ìyá Èkùlù tó ń kọrin rẹ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, tí àwọn ọmọ yòókù ń gbè é. Ó ronú títí: òun ò fàyè sílẹ̀ félégbè rí.

Lẹ́ẹ̀kẹta, orin ló dá. Ẹ bá mi gbè é:

Ìgbà wo lọmọ ń ṣàìsàn?
Omi ń ṣàn.
Kí ló ń bá omi bọ̀?
Omi ń ṣàn.

Ó fàyè sílẹ̀ kí wọ́n dáhùn.

Ìyá Èkùlù ní, “Bí òjò bá ti rọ̀ ni.”

Ìmàdò wolẹ̀. “Òkè odò la máa ń yàgbẹ́ sí, òjò ló ń gbá a wọ omi.”

Alákàn ò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ odò ló ń gbé. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n wá ibòmíì tí wọ́n á máa yàgbẹ́ sí, ara àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Ìwọ tó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, n ò bá ọ wí. Sọ fún mi, kí ni ìwọ rí lódò lónìí?