Ìtì Igi Òkè-Àpárí

Akinlòlú ni wọ́n fi jẹ olórí àwọn agégi ní Òkè-Àpárí nígbà tí ojú Baba Lágbọnjú, olórí wọn tẹ́lẹ̀, di bàìbàì. Iṣẹ́ náà ń bà á lẹ́rù, nítorí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń yí ìtì igi gbà sọ̀ kalẹ̀ kọjá nídìí ẹkù tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo. Àṣà wọn ni pé bí ìtì bá ti gbéra, olórí a máa fi àáké lu kùkùté léraléra ní ìwọ̀n kan náà, a máa ka ìró rẹ̀ sókè, kí ará ìsàlẹ̀ lè yà.

Akinlòlú wọn ọ̀nà náà dé ẹkù, ó jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógójì. Ó wo ìtì kan bó ṣe gbéra: ní ìró kìn-ín-ní, ìṣísẹ̀ kan péré ló lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

“Ìró mẹ́rìndínlógójì ni yóò fi dé ọ̀dọ̀ yín,” ló sọ fún àwọn obìnrin. Kò bi Baba Lágbọnjú léèrè. Kò fẹ́ kí wọ́n ní oyè ti ju orí rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ rántí ìkòkò epo tó gbàgbé sójú ọ̀nà nídìí ẹkù, ó sì sáré lọ gbé e.

“Ìyàwó, padà!” ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kígbe.

“Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre! Ọkọ mi ló ń kà á, ó ṣì ku ọgbọ̀n ó lé!”

“Ẹ̀ta! Ẹ̀rin!” ni Akinlòlú ń kà lókè. Ìtì ti ń sún mọ́ ìdajì ọ̀nà. Akinlòlú ju àáké nù, ó sáré, ó ń pariwo. Ní ìwọ̀n ìró kẹfà, ìkòkò fọ́ yángá. Mọrẹ́nikẹ́ fò, ṣùgbọ́n igi ti gbá a ní gìgísẹ̀.

Baba Lágbọnjú kò bú Akinlòlú. Ó ní kí àwọn èèyàn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú eérú, kí wọ́n yí ìtì mìíràn, kí wọ́n sì da eérú síbi tí igi bá dé ní ìró kọ̀ọ̀kan. Akinlòlú wọn àlàfo àárín àmì eérú náà láti òkè wá: ìṣísẹ̀ kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá. Ó rò wọ́n pọ̀, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógójì.

“Ṣé o rí i, ọmọ mi? Bó ṣe ń lọ ló ń fi kún eré.”

“Baba, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ṣé o bi mí ni?”

Orí ẹní tí Mọrẹ́nikẹ́ dùbúlẹ̀ sí ló ti dáhùn: “Ẹ fi í sílẹ̀, Baba. Ọkọ mi, ìkòkò epo mi dà?” Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú Akinlòlú.

Títí ayé ni Mọrẹ́nikẹ́ fi tiro. Bí ó bá ti ń kọjá, àwọn àgbà Òkè-Àpárí a máa fi í han ọmọ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fà á yọ tí wọ́n fi ń sọ pé: “A kì í fi ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ mọ eré ìtì igi tó ń yí bọ̀ láti òkè.”