Ẹbọ tí Ìbírónkẹ́ Rú Kí Àwo Rẹ̀ Tó Mọ́

Àlejò tí a kò pè, tó jókòó sórí ẹní, tó ń jẹun ju onílé lọ; bí onílé bá tì í jáde lẹ́nu ọ̀nà, á gba ojú fèrèsé wọlé. Ọ̀rọ̀ tí àgbà sọ fún Ìbírónkẹ́ ọmọ Ajéwọlé nìyí, ní ọdún tí ọyẹ́ mú gan-an, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Ìbírónkẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Olùwádìí ni ní ilé ìwé gíga kan, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú oúnjẹ wa kan ló sì ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ìyá arúgbó kan wà ní abúlé bàbá rẹ̀ tó ń jẹ́ Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, tí omi orí ògì rẹ̀ lókìkí. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọdé, omi ògì ìyá yìí ni wọ́n máa ń sáré lọ bù. Ìbírónkẹ́ gba díẹ̀ nínú rẹ̀, ó wá kòkòrò kan rí níbẹ̀, ó sì rí i pé níbi tí kòkòrò yìí bá tẹ̀dó sí, èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kì í lè gbé ibẹ̀. Kò pẹ́ sí àkókò náà ni Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ fọ ìkòkò ògì mọ́ tónítóní, wọ́n sọ ọ́ di ìkòkò omi. Kò tún sí ibi tí a ti lè rí kòkòrò náà láyé yìí mọ́ àfi nínú àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ Ìbírónkẹ́.

Ibẹ̀ ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń sin kòkòrò àìfojúrí ní láti máa se oúnjẹ fún wọn, oúnjẹ tó máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù, á sì dà á sínú àwo pẹlẹbẹ. Á gbin kòkòrò sí àwọn àwo kan, á sì fi ọ̀kan sílẹ̀ lófo, kò ní gbin nǹkan kan sí i. Àwo òfo yìí ni ẹlẹ́rìí. Bí nǹkankínǹkan bá hù nínú rẹ̀, a jẹ́ pé a kò lè gba ohun tí àwọn àwo yòókù ń wí gbọ́. Nígbàkigbà tí Ìbírónkẹ́ bá ṣí àpótí olóoru tí wọ́n ń kó àwọn àwo sí, awọ funfun kan tó hun jọ, tó ń yọ̀ bí ilá, ti bo àwo òfo. Ó da oúnjẹ yẹn nù, ó se òmíràn, ó tún hù. Ó ra èròjà tuntun, ó hù. Ó fi oògùn apakòkòrò nu tábìlì títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, nǹkan náà hù bí ẹni pé òun ló ni ilé. Àwọn ìgbìmọ̀ tó fún un láyè ìwádìí sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wò ó bí ọyẹ́ bá ti lọ. Bí kò bá rí kòkòrò ìyá arúgbó fi hàn ní òun nìkan, láìní àdàlù, wọn yóò gba àyè náà fún ẹlòmíràn, iná yóò sì kú mọ́ kòkòrò náà lórí.

Yàrá kan náà ni òun àti Dọ́kítà Akínlòyè jọ ń lò. Ìkòkò kan ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, àpótí olóoru kan ni wọ́n ń lò. Ohun tó ń ṣe Ìbírónkẹ́ ń ṣe òun náà, àmọ́ inú tirẹ̀ ń dùn ni. Awọ funfun kan ti hù nínú àwọn àwo rẹ̀ tó ń pa kòkòrò inú egbò, ó sì ti ń sọ káàkiri pé òun ti rí oògùn.

Ó sọ fún Ìbírónkẹ́ pé, "Ìwọ lo ń da ara rẹ láàmú. Tí àwo òfo bá ń yọ ẹ́ lẹ́nu, má gbé e síbẹ̀ mọ́. Ta ló máa béèrè rẹ̀?"

Ìmọ̀ràn yìí dùn létí, kí n má purọ́ fún yín. Ìbírónkẹ́ rò ó títí, ó tiẹ̀ ti gbé àwo kan sọ́wọ́ láti dá a padà sínú páálí. Àmọ́ ó rántí àwọn ọmọ tí wọ́n máa fún ní nǹkan yìí mu lọ́jọ́ kan, ó sì gbé àwo náà padà sórí tábìlì. Ó palẹ̀ mọ́, ó di ìrìnàjò Ìgbájọ.

Ìgbájọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀fúnyẹmí ń gbé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ẹni tí iṣẹ́ kòkòrò bá dàrú mọ́ lójú, ọ̀dọ̀ ìyá yìí ló ń lọ. Kò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀, kò sì da obì. Ìbéèrè ni tirẹ̀. Ìbírónkẹ́ kúnlẹ̀, ó kó àwọn àwo rẹ̀ tó wé sínú ọ̀rá kalẹ̀. Màmá kò tú ọ̀rá náà. Ó gbé e sókè sójú oòrùn, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Tí o bá gbé ìkòkò kaná, ṣé o máa ń jẹ́ kí ooru kọ́kọ́ tú jáde dáadáa kí o tó dé e pa?"

"Gáàsì wọ́n, Mà. Bí a bá ti gbé e kaná la ti ń dé e pa."

"Hẹn. Kí ló wà nínú àpótí olóoru yín?"

"Àwọn àwo wa ni, Mà."

"Mo mọ̀ pé àwo wà níbẹ̀. Kí ló tún wà níbẹ̀?"

Ìbírónkẹ́ wo ilẹ̀. Kò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n a kì í fi àrùn pamọ́ fún oníṣègùn. "Irú ni, Mà. Irú ìyá ọkọ mi."

Ẹ má tíì bú u. Ọyẹ́ ọdún náà tutù débi pé irú kò kan nílé ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá ń ráhùn pé òun se irú, òun wé e, òun gbé e sẹ́yìn ààrò, wóró ni òun tún bá a. Ìbírónkẹ́ tó fẹ́ kí inú ìyá dùn sọ pé ibi kan wà níbi iṣẹ́ òun tó ń móoru tọ̀sán tòru. Ó gbé igbá irú lọ, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Irú náà kan, ó fà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà náà ni igbá kan ti ń jáde tí òmíràn ń wọlé. Ta ni nínú yín tí ìyá ọkọ rẹ̀ máa ní irú òun kò kan, tí yóò ní kò kan òun?

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà. Kòkòrò tó ń sọ wóró di irú, iná lásán kì í pa á. Bí ooru bá dé, á wé ara rẹ̀ sínú èèpo, á sùn. Bí oúnjẹ bá tutù, á jí, á máa jẹun. Òun lo ń sè, tí o tún ń gbé oúnjẹ fún. Ẹbọ wà tí wàá rú."

"Mo ti ṣe tán, Mà."

"Má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Wàá gbé irú náà fún ẹni tó ni ín, ẹnu ara rẹ ni wàá sì fi sọ fún un pé kò gbọdọ̀ padà wá. Wàá fọ àpótí náà. Tí o bá ń se oúnjẹ, jẹ́ kí ooru tú jáde kó máa súfèé kí o tó dé e pa, má ṣahun gáàsì. Tó bá jinná, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá sùn yóò rò pé ewu ti kọjá, yóò jí. Ìgbà yẹn ni kí o tún un sè."

Ìbírónkẹ́ ń mi orí.

"Gbogbo èyí tó gbèrú nínú àwọn ìgò rẹ, sun ún."

Orí kò mì mọ́. Àwọn tó gbèrú yẹn ni ó ti yà ní fọ́tò, tó ti fi han ọ̀gá rẹ̀, tó fi ń yangàn. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Màmá, gbogbo iṣẹ́ mi nìyẹn. Kí ló máa wá kù?"

"Àlejò lo fi ń yangàn, ọmọ mi. Èwo ló pẹ́ jù nínú àwọn ìgò rẹ, tí ojú rẹ̀ kò dára?"

"Ọ̀kan wà tí mo ṣe ṣáájú kí irú tó dé ibẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hù mọ́. Mo fẹ́ dà á nù ni."

"Òun ni kí o mú. Oúnjẹ tó kan bí omi ògì ni kí o fún un, torí àlejò yẹn kò fẹ́ràn kíkan. Kó àwọn àwo náà sínú ìgò ńlá, tan àbẹ́là sí i láàárín, kí o sì dé e. Nígbà tí àbẹ́là bá kú fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti dín kù nìyẹn. Ọmọ ògì lè gbé irú ibẹ̀. Ara máa ni àlejò."

Ìbírónkẹ́ padà dé, ó jíṣẹ́ fún Akínlòyè láìfi ọ̀kan pamọ́. Ọkùnrin náà yọ ṣùtì. Ó ní òun kò kàwé dé òkè òkun kí òun máa se oúnjẹ kòkòrò lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ẹni tó bá ní kí òun sun oògùn òun, ìlara ló ń ṣe é. Ó kọ etí ikún.

Ìbírónkẹ́ gbé igbá irú, ó forí lé ilé ìyá ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń kó ọ̀rọ̀ pọ̀: irú, àwo, ìgbìmọ̀, ẹ má bínú Mà. Ìyá wò ó títí ó fi parí.

"Ṣé nítorí irú lo ṣe ń làágùn báyìí? Ìyàwó mi, gbé e wọlé. Irú ibi iṣẹ́ yín yẹn ń rùn bí oògùn ọsibítù. Mo kàn ń jẹ ẹ́ kí inú rẹ má baà bàjẹ́ ni."

Ìbírónkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ jẹ ẹ̀bà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí oúnjẹ yóò wọ̀ ọ́ lára láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó wá lọ sun gbogbo èyí tó gbèrú nínú àwọn ìgò àti àwo rẹ̀. Ó dúró ti iná náà títí, ó dùn ún wọra. Ó fọ àpótí, ó se oúnjẹ, ó fi í sílẹ̀, ó tún un sè. Ó fa kòkòrò inú ìgò àtijọ́ sórí oúnjẹ kíkan, ó tan àbẹ́là sínú ìgò ńlá, ó dé e, ó jókòó tì í títí iná fi rẹlẹ̀ tó sì kú. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń dúró, kò lè ṣe nǹkan gidi kan. Nígbà tó ṣí i, ó kọ́kọ́ mú àwo òfo. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó nu ojú, ó tún wò ó, kò rí nǹkan kan. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Òfo ni Ọlọ́run fi ṣe é lóore. Lórí àwọn àwo tó kù, àwọn ẹ̀kán funfun kéékèèké hù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn kò hun jọ, wọn kò yọ̀. Nígbà tó sì gbé wọn ko èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó sá fún wọn bíi ti ìgbà tí Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún wà láyé.

Ọyẹ́ lọ, ìgbìmọ̀ dé. Àgbà obìnrin tó ṣáájú wọn kò béèrè ohun tó gbèrú rárá. Ó ní, "Àwo òfo yín dà?" Ìbírónkẹ́ gbé tirẹ̀ wá. Akínlòyè ní òun kò gbé ọ̀kan síbẹ̀. Wọ́n ní kí Akínlòyè da oúnjẹ rẹ̀ sínú àwo kan lójú wọn, kó má gbin nǹkan sí i, kó gbé e sínú àpótí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, awọ funfun ti bò ó pátápátá. Oògùn tó ń polongo kiri kì í ṣe kòkòrò tó ṣàwárí, kòkòrò inú irú ìyá ọkọ Ìbírónkẹ́ ni.

Wọ́n fi kún àyè tí wọ́n fún Ìbírónkẹ́. Wọ́n ní kí Akínlòyè lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbírónkẹ́ tó gbọ́ràn, tó sun ohun tó ń dán lójú rẹ̀, ló bá ire pàdé. Akínlòyè tó fi ẹbọ ṣe yẹ̀yẹ́ ló jókòó ti àbámọ̀. Ìbírónkẹ́ ń kó àwọn àwo rẹ̀ padà sínú àpótí nígbà tí ọkùnrin náà wá dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, òun tí kì í fi ‘ẹ’ bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, "níbo ni wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ìgbájọ?"