Òkété Tó Fẹ́ Jẹ Oúnjẹ Bámirìn

Àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ̀!

Àlọ́ mi rìn, ó rọra rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ó dé àgbàlá kan ní ìletò Òkè-Ìsun, ó bá ẹní nílẹ̀, ó sì jókòó lé e. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Adúnọlá. Ọmọ méjì ló bí. Ìbídùn ni ẹ̀gbọ́n. Akínbọ̀dé ni àbúrò, eyín iwájú rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò ni. Àwọn ọmọ náà ní ajá pupa kan tó ń jẹ́ Bámirìn. Wọ́n tún ní ẹyẹlé funfun kan, Ẹfun ni wọ́n ń pè é.

Kí ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe? Kò sí nǹkan bàbàrà kan. Bí oòrùn bá ti rọ̀, tí òjìji igi àgbálùmọ̀ ti nà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tẹ́ ẹní. Akínbọ̀dé á ju ṣùkù àgbàdo, Bámirìn á sáré lọ gbé e wá. Ẹfun á bà lé ọwọ́ Ìbídùn, á máa ṣa àgbàdo jẹ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á máa rìn ín, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Bó bá rẹ gbogbo wọn, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á máa wo ìkùukùu.

"Ìyẹn jọ ẹṣin."

"Rárá o. Ó jọ Màámi nígbà tí wọ́n ru igi."

Ajá á gbé orí lé itan Akínbọ̀dé. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, débi pé èèyàn ò ní mọ èwo ni èémí ọmọ, èwo ni èémí ajá. Ohun tí àwọn ọmọ bá sì ń jẹ, wọ́n á bù fún àwọn méjèèjì nínú rẹ̀.

Òkété ń wò wọ́n láti ẹnu ihò rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Kì í ṣe ìkùukùu ló ń wò. Iṣu sísun ló tẹjú mọ́.

"Háà!" ló wí. "Àwọn yìí ò roko, wọn ò ṣa ẹyìn, wọ́n kàn ń nà gbalaja, wọ́n sì ń yó! Èmi ni ipò yẹn tọ́ sí."

Ní ọjọ́ kejì, tí àwọn ọmọ bá ìyá wọn lọ sódò, Òkété yọ́ tọ Bámirìn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Bámirìn, ẹ kú ìsinmi o."

"O ṣeun, Òkété. Kí ló jí ọ lọ́sàn-án gangan?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni kò jẹ́ n sùn. Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ìbídùn máa ń fọwọ́ tẹ̀ yín níhà ní ìrọ̀lẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó máa ń dùn mọ́ mi gan-an."

"Ó ń wò ó bóyá ẹ ti sanra tó ni! Ọdún iṣu tuntun ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyá wọn ń pọ́n ọ̀bẹ láàárọ̀ yìí."

Ìrù Bámirìn tó ń jù fìrìfìrì dúró gbagidi.

"Ẹfun ńkọ́?"

"Ẹyẹlé tí wọ́n ń fi àgbàdo bọ́? Ata ló kù, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkàn ajá bàjẹ́. Ó lọ sọ fún Ẹfun. Kí àwọn ọmọ tó ti odò dé, àwọn méjèèjì ti wọ igbó lọ.

Òkété ni àwọn ọmọ bá lórí ẹní, ó káwọ́ lé ikùn.

"Bámirìn àti Ẹfun ní kí n kí yín," ló wí. "Wọ́n ní ilé yìí ti sú àwọn, kí n máa bá yín gbé. Oúnjẹ wọn dà?"

Àwọn ọmọ sunkún, àmọ́ ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọ́n bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ti ajá, ó jẹ ti ẹyẹlé, ó kó ìyókù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Akínbọ̀dé nu ojú, ó ju ṣùkù. Òkété wò ó.

"Kí n lọ gbé e? Kí ló kù lára ẹ̀ tó ṣeé jẹ?"

Ìbídùn nawọ́ sókè. "Wò ó, ìkùukùu yẹn jọ ìgbín."

"Ìgbín dà? Ẹ sè é wá!"

Akínbọ̀dé fẹ́ gbé orí tì í. Òkété sún sẹ́yìn. "Ooru ń mú mi, jàre."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Akínbọ̀dé ò jẹun mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ gbóná, kò lè dìde. Adúnọlá gbé e lé ẹsẹ̀, ó gbé àkàrà gbígbóná sí i lẹ́nu.

"Kí lo fẹ́, ọkọ mi? Sọ ọ́, màá wá a."

Ọmọ la ojú díẹ̀. "Bámirìn," ló wí. Ó tún dijú.

Òkété na ọrùn. "Bí kò bá ní jẹ àkàrà yẹn, ẹ gbé e fún mi." Wọ́n gbé e fún un, ó kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìbídùn wò ó, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó rò ó pé bóyá nǹkan ló ń jẹ ẹ́ lára tí kò fi lè ṣeré. Ó na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́ níhà.

Òkété fò sókè. "Yéè! Ẹ má pa mí jẹ! Mi ò tíì sanra!"

"Ta ló fẹ́ pa ọ́ jẹ? Eégbọn ni mò ń wá. Ṣebí bí mo ṣe ń yọ ti Bámirìn nìyẹn."

"Eégbọn? Èmi sì ti sọ fún Bámirìn pé…"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù.

"Kí lo sọ fún un?" Adúnọlá bi í. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ tutù. Bí ohùn náà ṣe tutù ló ba Òkété lẹ́rù. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà bó ṣe ń sọ ọ́. Lójijì, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó dé ẹnu ihò, ó ki orí bọ̀ ọ́, orí ò wọlé! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún jù. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Adúnọlá lẹ́yìn. Ló bá tu àkàrà jáde, ó tu iṣu, ó tu àgbàdo, adìyẹ gbogbo ilé sì ṣa á jẹ lójú rẹ̀. Ebi ló gbé wọlé. Títí di òní, ó dìgbà tí ènìyàn bá sùn kí Òkété tó yọjú síta.

Adúnọlá pọn Akínbọ̀dé. Òun àti Ìbídùn lọ sí etí igbó. Ìbídùn gbé orin, ìyá ń gbè é. Ẹ bá mi gbè é:

Bámirìn, ibo lo wà o?
*Máa bọ̀ wá, máa bọ̀.*
Àbúrò mi ò jẹun mọ́ o,
*Máa bọ̀ wá, máa bọ̀.*
Ẹfun, ọwọ́ mi ṣófo o,
*Máa bọ̀ wá, máa bọ̀.*

Ewé mì. Bámirìn yọ, ó ti rù. Ó dúró lókèèrè. Ẹfun bà lé ẹ̀ka kan lórí rẹ̀.

"Ìbídùn, ṣé o ò ní pa mí jẹ?"

"Eégbọn ni mò ń wá lára rẹ, Bámirìn. Eégbọn lásán. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ."

Ẹfun na ọrùn. "Ìyá, ọ̀bẹ tí ẹ pọ́n ńkọ́?"

"Ilá ni mo fi rẹ́, ọmọ mi. Ilá náà ti kan báyìí."

Ajá wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà, ó sáré wá, ó fo mọ́ Adúnọlá lẹ́yìn, ó lá Akínbọ̀dé lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ọmọ náà la ojú. Ó rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín hàn.

Wọ́n kọrí sílé. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, Akínbọ̀dé sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Màámi, ebi ń pa mí."

Adúnọlá, tí kò sunkún láti ọjọ́ mẹ́ta, ó dúró sójú ọ̀nà, ó bú sẹ́kún.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí: Òkété rí oúnjẹ, kò rí ìfẹ́ tó gbé oúnjẹ náà wá. Ẹ má ṣe fi irọ́ tú ilé tí ayọ̀ wà. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá délé, ẹ fọwọ́ pa ajá yín lára, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ẹni tí oorun ò tíì gbé lọ, kó dá mi lóhùn.