Òkété Jókòó Lé Àgbàdo

Ọdún tí wọ́n gbẹ́ kànga abúlé wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi dé o!
— Jẹ́ kó wọlé!
Ó wọlé, ó gba ihò Òkété lọ.

Òkété kó ogún àgbàdo tútù pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀. Ó yẹ kó so wọ́n rọ̀ sókè ààrò kí èéfín lè mú wọn gbẹ, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun á gbóòórùn wọn, wọn á wá tọrọ. Ló bá rì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ihò, ó jókòó lé wọn.

Ehoro ní kó wá kí àwọn jọ sun àgbàdo. Òkété ní, "Inú ń run mí." Àparò ní kó wá jó. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí." Ìgbín ló dé kẹ́yìn: "Òkété, ìrù ńkọ́? Ṣé òun náà ń dùn ọ́ ni?" Ni wọ́n bá dárin. Ẹ gbè é:

Òkété, jáde sí wa o,
— Jáńtíríjàn!
Iná ń jó, ẹnu ń dùn,
— Jáńtíríjàn!

Orin wọ Òkété lára. Ó ní kí òun mú ọ̀kan jáde. Ó hú ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti bu, àfi èyí tó wà lókè pátápátá. Ó gbé e jáde tẹkúntẹkún.
"Ọ̀kan péré ló ṣẹ́ kù fún mi o."
"Kí ni tẹkún?" Ehoro ní. "Gbé e síná, jàre!"

Wọ́n dá a sí mẹ́rin. Òkété jẹ, ó jó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lu Ìgbín. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àgbàdo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn jọ ń jẹ.

Àgbàdo mọ́kàndínlógún ló bu.