Ìdí Tí Irin Fi Ń Pupa Létí Òkun

Nígbà láéláé, kí Irin tó mọ ìbínú, dúdú dídán ni, ìbáà wà nínú igbó, ìbáà wà létí òkun.

Ìyá Oríyọmí ń yan ẹja létí òkun nígbà náà. Èèpo àgbọn ló fi ń dáná. Òkun kò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Lójoojúmọ́ ló ń sún mọ́ ààrò, bí onílé tó fẹ́ lé ayálégbé.

Ìyá Oríyọmí bá ní kí Kọnkéré wá dúró sáàárín òun àti Òkun. Kọnkéré gbà, ó sì ní kí Irin wá ṣe eegun ẹ̀yìn òun.

Irun inú èèpo àgbọn gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n Irin, ẹ jẹ́ kí èmi náà wọlé, kí n bá yín di ògiri mú."

Irin fi í ṣẹ̀sín. "Irun? Ṣé ògiri la fẹ́ mọ ni, àbí orí la fẹ́ dì? Padà sídìí iná, jàre!"

Irun padà sídìí iná.

Nígbà tó yá, Ọyẹ́ dé. Òtútù mú Kọnkéré, ó gbọ̀n, ara rẹ̀ sán wẹ́wẹ́. Iyọ̀ òkun gba ibẹ̀ wọlé, kò kanlẹ̀kùn. Ó jókòó ti Irin.

"Sún sọ́hùn-ún," ni Iyọ̀ wí.

"Èmi? Èmi ni ìwọ iyọ̀ ọbẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Mo ní, sún."

Ojú Irin pọ́n. Gbogbo ara rẹ̀ pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nínú mi," ni Kọnkéré ń bẹ̀ ẹ́. "Àyè ò sí."

"Màá bínú!" Irin tún wú sí i. Gbàù! Kọnkéré là sí méjì.

Òkun wọlé. Ó pa iná, ó kó gbogbo ẹja orí ààrò. Ó ní ọmọ òun ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ jù lóde.

Ìyá Oríyọmí figbe ta. "Irin, ṣé Òkun ni mo ní kí o dá dúró, àbí iyọ̀ ni mo ní kí o máa bá jà? Jáde!"

Ó yíjú sí èèpo àgbọn. Gbogbo rẹ̀ ti rin, kò lè jó mọ́. Ó fi ìbínú fa irun inú rẹ̀ tu, ó dà á mọ́ kọnkéré tuntun, ó pò ó pọ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ò lè jó mọ́, ó yá, ẹ ṣiṣẹ́!"

Ọyẹ́ tún dé. Ibi tí Kọnkéré bá ti fẹ́ sán, irun kan á di apá ọ̀tún mú, á di apá òsì mú. Iyọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Ó dúró síta, ó ń bú wọn: irun lásán, irun ìdí ààrò! Ọwọ́ wọn dí.

Òkun wo ẹja tuntun lórí ààrò títí, ó padà sẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà ni irin ti máa ń pupa, tó ń wú, tó sì ń ṣí wẹ́wẹ́, níbikíbi tó bá ti ń gbé létí òkun. Àwọn èèyàn ní ó dógùn-ún ni. Irọ́ ni. Ó ṣì ń bi Iyọ̀ pé ta ló ní kí òun sún.